Ìtàn Awò tí Í Sọ Ohun Wẹ́wẹ́ Di Ńlá

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ojú lé ẹnu maikirosíkópù, awò tí í sọ ohun wẹ́wẹ́ di ńlá, ni òwe yìí tó yé mi yékéyéké. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ fún wa láti wò. Ẹnì kejì mi wò ó, ó ní òun ti rí i. Nígbà tí ó kàn mí, mo di ojú kan, mo la èkejì, mo tẹjú mọ́ ọn títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Nǹkan dúdú gbọọrọ kan ni mo rí, tí ó ń mì síwá sẹ́yìn. Inú mi dùn, mo yà á sínú ìwé mi. Olùkọ́ wa dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Irun ìpéǹpéjú ara rẹ ni o yà yìí.” Ó wá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ mi lé ibi tí a ń yí lára awò náà, ó ní, “Yí i díẹ̀díẹ̀. Má ṣe wo awò, wo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.” Lójijì ni wọ́n hàn kedere: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀, wọ́n rí róbótó róbótó bí àkàrà kéékèèké tí a fi ìka tẹ̀ láàárín.

Awò náà kò yí padà, ojú mi náà kò yí padà. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé ẹnìkan ti kọ́ mi bí a ṣe ń wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn awò yìí, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì káàkiri ayé, wíwo ohun tí ojú lásán kò tó ti di ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè fi gba oyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtàn ẹ̀rọ ni ìtàn yìí. Ní tèmi, ìtàn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ní ọdún 1632 ni a bí Antonie van Leeuwenhoek ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Kò lọ sí yunifásítì kankan, kò sì gbọ́ èdè Látìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà fi ń kọ̀wé. Aláṣọ ni. Àwọn aláṣọ ìgbà náà a máa fi awò kékeré yẹ fọ́nrán òwú wò, kí wọ́n lè mọ aṣọ tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà aṣọ, tí ó rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ìka yẹ aṣọ òfì wò, yóò mọ irú ojú tí mo ń wí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò fi mọ sórí aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe awò tirẹ̀: hóró gíláàsì kékeré kan tí ó há sáàárín bàbà tàbí fàdákà pẹlẹbẹ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù di òní a máa sọ nǹkan di ńlá ní nǹkan bí ìlọ́po 270.

Láti ọdún 1673 ni ó ti ń kọ lẹ́tà sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1676 ó kọ ọ́ sí wọn pé òun rí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí wẹ́wẹ́ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí òun rẹ ata sí. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ní ọdún 1677 Robert Hooke, tí òun náà ti tẹ ìwé nípa ohun wẹ́wẹ́ jáde ní ọdún 1665, ṣe irú rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i. Ní ọdún 1683 Leeuwenhoek ha ìdọ̀tí ara eyín rẹ̀, ó fi awò wò ó, ó sì kọ̀wé nípa ohun tí ó rí níbẹ̀. Àwọn tí a ń pè ní kòkòrò àìfojúrí lónìí ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọkùnrin yìí kò ṣe. Bí àlejò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò mú awò díẹ̀ jáde kí ó wò. Àwọn tí ó dára jù lọ, ara rẹ̀ ni ó fi wọ́n pamọ́ fún. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe wọ́n kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Leibniz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, bi í léèrè ìdí tí kò fi kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, ó dá a lóhùn ní ọdún 1715 pé òun kò rí èrè kan níbẹ̀, nítorí pé owó tàbí òkìkí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìmọ̀ wá. Bóyá òótọ́ ni ó sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà; èmi kò lè búra fún àwa tòní pàápàá. Ṣùgbọ́n kí ni ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ní ọdún 1723 ó kú, ẹni 90 ọdún. Ó fi awò fàdákà 26 sílẹ̀ fún Royal Society, ṣùgbọ́n kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, gbogbo wọn ti sọnù. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá tí ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ síwájú. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Leeuwenhoek kú, kò sí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní ìdí rẹ̀.

Ìgbà tí ó di ọdún 1830 ni Joseph Jackson Lister, oníṣòwò ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ̀wé lórí ọ̀nà tí a lè gbà to awò pọ̀ kí àwòrán má baà ṣú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kò gbé e pamọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ernst Abbe, olùkọ́ ní yunifásítì Jena ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe ìṣirò awò fún ilé iṣẹ́ Carl Zeiss. Awò tí ó ti ọ̀dọ̀ Abbe jáde wà lára ohun tí Robert Koch ń lò, Koch yìí ni ó sì fi kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife han ayé ní ọdún 1882. Koch kò jókòó ti òkìkí rẹ̀. Ó kó àwọn dókítà jọ ní Berlin, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbin kòkòrò, bí a ṣe ń pa á láró kí ó lè hàn, àní gẹ́gẹ́ bí aláró ṣe ń pa aṣọ láró, àti bí a ṣe ń wò ó. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn kan ti wá, wọ́n sì padà sí ìlú wọn lọ kọ́ àwọn mìíràn. Ohun tí aláṣọ Delft ní kò lérè ti wá di ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ó yá, odi kan dúró níwájú awò. Abbe ni ó fi odi yìí hàn ní ọdún 1873. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi. Ohun tí ó bá kéré ju nǹkan bí ìdajì ìgbì kan lọ kò lè hàn kedere, bí ó ti wù kí awò dára tó. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kò lè mú ẹja wẹ́wẹ́. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nánómítà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 7,500. Ìyẹn kò ṣòro fún awò. Odi Abbe wà ní nǹkan bí 200. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń fa àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Báwo ni a ó ṣe rí i?

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fo odi yìí. Ní ọdún 1931, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Berlin, Ernst Ruska, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, àti Max Knoll tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rọ́pò ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì fi wáyà tí a ká, tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, rọ́pò gíláàsì. Ojú àwọ̀n di kékeré. Nígbà tí ó fi di ọdún 1933, ẹ̀rọ Ruska ti ríran ju awò onímọ́lẹ̀ lọ. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel, lẹ́yìn ọdún 55. Knoll ti kú ní ọdún 1969.

Ọ̀nà kejì tún wà tí kò gba inú awò kọjá rárá. Ní ọdún 1895 Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X-ray. Ní ọdún 1912 Max von Laue àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní München rí i pé bí X-ray bá gba inú kírísítálì kọjá, a máa fi àmì tótòtó sílẹ̀ lórí fíìmù. Kírísítálì ni ohun tí átọ́mù inú rẹ̀ tò létòlétò bí ebè nínú oko àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́; hóró iyọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ní ọdún 1913 William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence ti ara irú àmì báyìí mọ bí átọ́mù ṣe tò nínú iyọ̀ tí a ń fi sí ọbẹ̀. Ọdẹ tí ó bá rí ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kò rí ẹran náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹran tí í ṣe, ó sì mọ bí ó ti tóbi tó. Bí ọ̀rọ̀ X-ray ti rí nìyẹn. Ọmọ ọdún 25 ni Lawrence nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1915.

Ẹ jẹ́ kí n ka ìran àwọn wọ̀nyí fún yín bí arọ́kin ṣe ń ka ìran ọba. Ọ̀dọ̀ Bragg bàbá ni J. D. Bernal ti kọ́ṣẹ́. Bernal kọ́ Dorothy Hodgkin, ó sì gba Max Perutz sọ́dọ̀. Perutz kọ́ Francis Crick, ó kọ́ David Blow. Blow kọ́ Richard Henderson, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Láti ọ̀dọ̀ Bragg títí dé ọ̀dọ̀ Henderson, ọwọ́ kan ń fi iṣẹ́ lé ọwọ́ mìíràn, okùn náà kò já.

Iṣẹ́ náà kò sì yá. Ìyáàfin Hodgkin bẹ̀rẹ̀ sí í wo insulin, èròjà tí a fi ń tọ́jú àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ní ọdún 1935. Ọdún 1969 ni ó tó mọ bí ó ti rí. Láàárín àkókò náà ó ti fi bí penisílíìnì ṣe rí hàn. Ilẹ̀ Ghana ni ìròyìn ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ ti bá a ní ọdún 1964, nítorí pé ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Legon. Ọkọ yìí kan náà ni ó ṣe ìwé Nigerian Perspectives lórí ìtàn ilẹ̀ wa ní ọdún 1960. Ní ti Perutz, ọdún 1937 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí himoglóbínì, èròjà tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Ogun dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kà á sí ará ilẹ̀ ọ̀tá nítorí pé Vienna ni wọ́n bí i sí, wọ́n kó o lọ sí Kánádà. Ó padà dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1959 ni ó tó rí himoglóbínì. Ọdún 22 gbáko!

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni èyí kàn wá, ẹ̀jẹ̀ wa ni ó kàn. Ní ọdún 1910 James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Àrùn tí àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ní ọdún 1949 Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà fi iná mànàmáná fa himoglóbínì aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n sì rí i pé ìrìn wọn kò dọ́gba. Ní ọdún 1956 àti 1957 Vernon Ingram, ní ọ̀dọ̀ Perutz ní Cambridge, wá ìyàtọ̀ náà kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ṣe àpẹẹrẹ: 146 ni ẹyọ tí ó wà lórí okùn náà, ẹyọ kẹfà nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo! Mo ronú nípa àwọn ìyá tí wọ́n sọ ọmọ wọn ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àrùn yìí pa. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ru ẹ̀jẹ̀ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jẹ́ SS, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún oyún kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ lónìí pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀nà iná mànàmáná ti àwọn Pauling ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì ṣì ń lò fún un.

Ìtàn náà kò dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èròjà inú ara ni kì í gbà láti di kírísítálì. Henderson padà sí ẹ̀rọ Ruska. Jacques Dubochet, ní Heidelberg, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mọ bí a ṣe lè mú omi tutù lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi le bí gíláàsì, láìdi yìnyín tí í ba nǹkan jẹ́. Joachim Frank ṣe ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi lè pa ọ̀pọ̀ àwòrán bàìbàì pọ̀ di ọ̀kan tí ó hàn kedere. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn ọdún 2017. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, ọ̀nà yìí ni a fi rí ẹ̀gún tí kòkòrò náà fi ń wọ ara ènìyàn, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tí ó gba Perutz ní ọdún 22!

Láti wo ohun wẹ́wẹ́, wọ́n dé orí fífi ọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1981 Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ní Zürich ṣe ẹ̀rọ tí ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tọ ojú átọ́mù lọ bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá tọ ọ̀nà. Àwọn àti Ruska ni wọ́n jọ pín ẹ̀bùn ọdún 1986. Ìmọ̀ tuntun tí ó tibẹ̀ gbilẹ̀ ni a ń fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí aràrá pè: ìmọ̀ náánò. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn olùwádìí ti fi omi èèpo kòkó, èèpo obì, àní òwú aláǹtakùn pàápàá, sọ èròjà fàdákà di hóró wíwẹ́ tí ń pa kòkòrò. Ohun tí à ń gbá dànù lẹ́yìn ilé ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé àwọn òyìnbó ń kọ́ni, àwa ń gbé tiwa pamọ́. Èmi kò gbà. Òyìnbó ni Leeuwenhoek, ó sì gbé tirẹ̀ pamọ́. Ẹ wo Ifá. Awo ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Síbẹ̀ ọmọ awo a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹsẹ̀ olúwo, yóò máa kọ́ ẹsẹ Ifá, yóò máa gbé àpò, yóò máa jẹ ìbáwí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà, kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn. Orí àwọn tí a ti kọ́ ni Ifá wà, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn níbẹ̀. Ifá wà ní Kúbà títí di òní olónìí. Nítorí náà, awo kọ́ ni ọ̀tá ìmọ̀. Àìní akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀tá ìmọ̀.

Bàbá kan wà ní agboolé wa tí ó ń to egungun. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé ènìyàn wá bá a, mo sì fi ojú mi rí ẹni tí wọ́n gbé wá, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé báwo ni ó ṣe ń mọ ibi tí egungun ti ṣẹ́ láìrí i. Ó ní, “Ọmọ mi, bí o bá dàgbà, n ó sọ fún ọ.” Mo dàgbà. Mo wọ yunifásítì, mo ń kọ́ bí a ṣe ń wo ohun tí a kò lè fojú rí. Ní ìsinmi kan mo délé, wọ́n ti sin ín. Èmi kò lè dá bàbá lẹ́bi. Ó ní kí n dàgbà, mo dàgbà, n kò padà lọ bi í léèrè.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìsinmi tún ń bọ̀. Aláró wà ní agboolé ẹnìkan nínú wa, alágbẹ̀dẹ wà ní ti ẹlòmíràn, ìyá arúgbó tí ó mọ ewé wà ní ti ẹ̀kẹta. Bí a bá délé, ẹ jẹ́ kí a jókòó tì wọ́n, kí a bi wọ́n, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àkọ́kọ́ tí a ó yà bá sì jẹ́ irun ìpéǹpéjú ara wa, kò burú. Wọn yóò gbá wa lọ́wọ́ mú, wọn yóò ní kí a tún un wò.